Igun Tí Kò Ní Etí

Wọ́n gbé ojú dẹ́sìkì méjì kalẹ̀ sórí tábìlì mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, mo sì wò wọ́n títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. N kò rí ìyàtọ̀ kankan. Gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Ihò mẹ́rin ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹsẹ̀ dẹ́sìkì ti máa ń yọrí sókè, àti kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá òkè tí ọmọ ilé ìwé máa ń tẹ́ pẹ́ńsù sí. Bí mo bá ní kí ẹni tó ṣe ọ̀kan nínú wọn dijú, kí n sì pààrọ̀ wọn, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

"Olè ni obìnrin yẹn," Bàbá Àga wí.

Bàbá Àga ló ni ilé iṣẹ́ àga tó tóbi jù ládùúgbò wa. Kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ń kí ènìyàn ní yàrá yìí, ẹni tó wà lójú títì á dáhùn.

"Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Ìbejì ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló ya dẹ́sìkì yìí, òun ló ń darí ẹ̀rọ wa. Obìnrin yẹn kàn kó àwòrán wa mọ́ ẹrù ẹ̀ lọ ni. Ẹ wò ó dáadáa, àléébù inú ẹ̀ pàápàá, ó jí i."

Ó fi ìka tọ́ka sí igun ihò kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí ni wọ́n fi ṣe dẹ́sìkì méjèèjì. Ènìyàn á ya ohun tó fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwià á sọ ọ́ di àṣẹ tí ẹ̀rọ gbọ́, irin róbótó kan á sì máa yí, á máa gé igi lọ bí àṣẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n nítorí pé róbótó ni irin náà, kò lè gé igun ihò kó mú ṣáṣá. Igun á rí róbótó, ẹsẹ̀ dẹ́sìkì kò sì ní wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí irin náà wọ inú igun díẹ̀ sí i, kó gbẹ́ ojú kékeré kan síbẹ̀. Etí ni wọ́n ń pe ojú kékeré náà.

Nínú ihò kọ̀ọ̀kan lára dẹ́sìkì àkọ́kọ́, igun mẹ́ta ló ní etí. Ìkẹrin kò ní. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ojú irin káfíńtà sì hàn níbẹ̀. Bákan náà ló rí lára dẹ́sìkì kejì.

Ilé ìwé kan fẹ́ gba dẹ́sìkì tuntun fún gbogbo kíláàsì rẹ̀, ti Ìyá Ìbejì ni wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ràn. Bí Bàbá Àga ṣe fẹjọ́ sùn ni a fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà pa. Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣì wà ní títì di ọjọ́ Ajé, ti Bàbá Àga ni ilé ìwé máa mú, a ó sì gbé ẹ̀rọ Ìyá Ìbejì wá sí àgọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Inú àpò ṣòkòtò mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Kò wúwo, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ara tù mí.

"Ẹ rọra, sà," ẹnì kan wí lẹ́yìn wa.

Àǹtí Rọra ti wọlé. Òun ni ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ wa. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, nítorí "ẹ rọra" ni ó fi ń kí ènìyàn, òun náà ló fi ń mú ọ̀daràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo dẹ́sìkì méjèèjì. Ó yí wọn títí kòtò pẹ́ńsù wọn fi kọjú síbì kan náà, ó fi ìka kan igun tí kò ní etí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa ìwé pélébé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ọ̀kan nínú ihò yìí síbí."

"Kí n yà á? Ó ṣáà wà níwájú yín."

"Ẹ má bínú, sà. Àwòrán máa ń là mí lójú."

Bàbá Àga ráhùn díẹ̀, ó gba bírò, ó ya ihò onígun mẹ́rin kan. Láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Rọra dúpẹ́, ó ká ìwé náà, ó tì í sínú báàgì.

"Sọ́fítíwià wo lẹ̀ ń lò nílé iṣẹ́ yín?"

Bàbá Àga gbé àyà sókè. "Ti olówó ni. Ọdọọdún là ń san owó ẹ̀. Nǹkan ọ̀fẹ́ kì í wọ ilé iṣẹ́ mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Rọra wí, ó sì ní kí n lọ gbé ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ Bàbá Àga kò jìnnà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Géètì la kọ́kọ́ dúró, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà kí wọ́n tó kun ògiri rẹ̀. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì lọ dáadáa.

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ó wé nǹkan kan sínú aṣọ, ó gbá a mọ́yà. Mo bi í pé kí nìyẹn, ó ní tòun ni."

N kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí ọlọ́pàá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ṣé nǹkan ọ̀hún wúwo?" Àǹtí Rọra béèrè.

"Á à, ó wúwo. Ó ń gbé e, ó ń sọ̀ ọ́, títí mo fi bá a gbé e dé ìta. Ẹ̀yìn fẹ́ẹ̀ kán mi."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Ó yíjú sí mi bí a ṣe ń wọlé. "Sájẹ́ǹtì, àwòrán orí kọ̀ǹpútà mélòó ló máa fẹ́ẹ̀ kán ẹ̀yìn èèyàn?"

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Àbúrò ìyàwó Bàbá Àga wà nídìí ẹ̀rọ. Olójúmẹ́rin ni wọ́n ń pè é nítorí awò ojú rẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eruku igi ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ó fún wa ní àpótí pé ká jókòó. Èmi jókòó, nítorí eékún mi. Àǹtí Rọra kò jókòó. Ó na ìwé pélébé sí i, ó ní kó bá òun ya ihò kan, òun náà sì yà á, láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì bíi ti àna rẹ̀.

"Ìwọ lo ya dẹ́sìkì yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí igun kan ò fi ní etí?"

"Bí ẹ̀rọ yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà."

"Ẹ̀rọ yìí?"

"Ẹ̀rọ yìí ni, mà." Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ awò náà kò dọ̀tí.

Àǹtí Rọra rìn lọ sí kọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kó àjẹkù pákó jọ sí. Ó fa ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò. Ihò pọ̀ lára rẹ̀, gbogbo igun ihò kọ̀ọ̀kan ló sì ní etí.

"Ẹ̀rọ yìí náà ló ṣe èyí?"

Olójúmẹ́rin wo pákó náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́."

"Mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́," Àǹtí Rọra fèsì. Ó rọra dá pákó náà padà síbi tó ti mú un, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ìyá Ìbejì jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní títì. Kò sunkún, kò sì dìde.

"Ẹ káàbọ̀ sílé olè," ó wí. "Ẹ ẹ̀ ní bínú, mi ò lè fún yín níjòkòó. Inú ilé ni àwọn àga wà, ẹ̀yin lẹ sì ni kọ́kọ́rọ́."

Mo ṣí àgádágodo náà láìwo ojú rẹ̀. Yàrá gígùn tóóró kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀rọ náà fara ti ògiri pátápátá. Ọ̀tún nìkan ni ènìyàn lè gbà dé ibẹ̀.

"Kí lẹ wé sínú aṣọ lọ́jọ́ tí ẹ kúrò ní ilé iṣẹ́ ọjọ́sí?" Àǹtí Rọra béèrè.

"Mọ́tò. Òun nìyẹn." Ó tọ́ka sí mọ́tò dúdú kan tó wà lórí ẹ̀rọ. "Orí pàǹtí ló wà. Bàbá Àga fúnra wọn ló ní kí n gbé e kúrò nílẹ̀ fáwọn. Ẹ bi wọ́n."

Mo tẹ Bàbá Àga láago lójú ẹsẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni, ṣé nǹkan ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́ ni? Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, mo sì pa fóònù.

"Ẹ bá mi ya ihò kan síbí," ni Àǹtí Rọra wí.

Ìyá Ìbejì gba bírò. Mo na ọrùn. Igun ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbo ni kí n tún ti bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ ni òdo mi wà." Ó rí i pé kò yé wa. "Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Òdo là ń pe ibẹ̀. Igun òsì ni tàwọn ẹlòmíì. Tèmi, ògiri ló wà lósì, ọwọ́ mi ò lè débẹ̀, ni mo bá gbé òdo sí ọ̀tún. Ó ti mọ́ mi lára. Bí mo bá ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà gan-an, igun ọ̀tún lọwọ́ mi ń lọ."

"Ta ló ṣe sọ́fítíwià tó ń fi etí sí igun?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ láìgbéraga, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Ọ̀fẹ́ ni gbogbo sọ́fítíwià tí mò ń lò. Èyí tí mo fi ń yàwòrán, èyí tó ń sọ àwòrán di àṣẹ, èyí tó ń gbé àṣẹ fún ẹ̀rọ, àwọn èèyàn tí mi ò rí rí ló jókòó ṣe é, tí wọ́n fún gbogbo ayé. Ìgbà tí mi ò rí èyí tó lè fi etí sí igun bí mo ṣe fẹ́, mo ṣe kékeré kan, mo gbé òun náà sórí ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ á mú un, á lò ó, á tún un ṣe, á fún ẹlòmíì. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n má pa orúkọ mi rẹ́ lára ẹ̀."

"Àti igun tí kò ní etí ńkọ́?"

"Àléébù ẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń ka igun láti ibi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Bó bá yípo padà débẹ̀, á rò pé òun ti ṣe tibẹ̀ tán. Kò sì tíì ṣe é. Ó yẹ kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń gbẹ́ igun ọ̀hún."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. A ti mú wọn. Bàbá Àga ní nǹkan ọ̀fẹ́ kì í wọ ilé iṣẹ́ òun, àléébù nǹkan ọ̀fẹ́ sì wà lára dẹ́sìkì rẹ̀ gbangba. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí Rọra nígbà tí a wọ ọkọ̀.

"Ẹ rọra, Sájẹ́ǹtì. Ìyẹn kàn sọ fún wa pé wọ́n lo sọ́fítíwià ẹ̀ bí irinṣẹ́ ni. Ó ti fún gbogbo ayé ní irinṣẹ́ ọ̀hún. Bí mo bá fi òòlù yín kan ìṣó, ṣé ẹ̀yin lẹ ni àga tí mo kàn?"

"Ohun tí igun yẹn sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Igun tí ò ní etí ni ibi tí ọwọ́ ayàwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Bí kòtò pẹ́ńsù bá wà lókè, igun wo ló ṣófo lára dẹ́sìkì méjèèjì?"

Mo ronú. "Ìsàlẹ̀. Lápá ọ̀tún."

"Bàbá Àga, òsì. Olójúmẹ́rin, òsì. Ta ló ń ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀?"

Òun nìkan ni, nítorí ògiri kan. "A jẹ́ pé ọwọ́ Ìyá Ìbejì ló ya méjèèjì. Àwọn ló jí tiẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe jí i? Kò sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ kò jáde rí. Kí ló ti ibí jáde lọ?"

"Kò sí nǹkan kan, àfi irinṣẹ́ tó fún gbogbo ayé."

Àǹtí Rọra wò mí, ó wò mí sí i, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé e padà, eékún mi ń ráhùn. Ìyá Ìbejì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ gbé irinṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fáwọn èèyàn," Àǹtí Rọra wí, "ṣé ẹ fi nǹkan kan tì í tí wọ́n á fi dán an wò?"

"Mo fi àpẹẹrẹ kan sí i. Àwòrán kan báyìí."

"Àwòrán kí ni?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ojú dẹ́sìkì àwọn ọmọ mi," ó wí. "Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún wọn nílé. Òun ló wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fi sí i ni. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́ rárá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la padà sí ilé iṣẹ́. Bàbá Àga wà níbẹ̀. Àǹtí Rọra kò pariwo. Ó kàn ní kí Olójúmẹ́rin ṣí irinṣẹ́ tó fi ń gbẹ́ etí igun, kó sì fi àpẹẹrẹ inú rẹ̀ hàn wá. Olójúmẹ́rin dúró pẹ́ kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Dẹ́sìkì náà yọ, kòtò pẹ́ńsù àti gbogbo rẹ̀.

"Kí nìyí?" Bàbá Àga béèrè.

"Sọ́fítíwià olówó yẹn ti ti ara ẹ̀ pa láti ọdún tó kọjá, sà," Olójúmẹ́rin wí. "Ẹ ní ẹ máa san án, ẹ ò sì san án mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti rán yín létí. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi lẹ ṣe gbà mí síṣẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo dá iṣẹ́ dúró. Mo wá irinṣẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ ní kí n ya dẹ́sìkì, mo rí àpẹẹrẹ yìí. Ó dára ju èyí tí mo lè yà lọ. Ọ̀fẹ́ ni, mà. Mi ò jalè."

"O ò jalè," Àǹtí Rọra dá a lóhùn. "Ẹni tó ni ín ló fi lé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n o ní ìwọ lo yà á. Ìgbà tí wọ́n pe ẹni tó fún ọ ní olè, o dákẹ́."

Olójúmẹ́rin bọ́ awò ojú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, awò náà nílò nínù lóòótọ́.

Bàbá Àga wá àga, ó jókòó. "Nǹkan tí mo ní obìnrin yẹn jí," ó ń sọ ọ́ bí ó ṣe ń yé e, "òun ló fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ níbi tó bá wà.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, gbogbo wa pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì. Àǹtí Rọra ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá Àga, nítorí òun ló ní ká tì í. Ó yọ àgádágodo náà, ó dì í mú, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá ẹnu ilẹ̀kùn. "Mo ti sọ fún ilé ìwé pé tiyín ni kí wọ́n mú. Mi ò ní ṣe dẹ́sìkì yẹn mọ́."

Mo retí pé Ìyá Ìbejì á sọ tẹnu rẹ̀ fún un dáadáa, mo tilẹ̀ ti múra láti gbádùn rẹ̀.

"Ẹ máa ṣe é, sà," ó wí. "Ilé ìwé pọ̀, ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ pọ̀. Mo ti ní kẹ́ni tó bá fẹ́ máa ṣe é, mi ò ní tìtorí yín yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sábẹ́ ẹ̀."

"A máa kọ ọ́. Báwo ni ká ṣe kọ ọ́?"

"Ẹ kọ Ìyá Ìbejì. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ jókòó sí i."

Olójúmẹ́rin wà lẹ́yìn àna rẹ̀, ó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ. "Mà, igun yẹn. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Ìlà kan ṣoṣo ni, kò jẹ́ kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti tún un kọ."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà. Kó tó di ọ̀rọ̀ dẹ́sìkì. Mi ò lò ó, torí Bàbá ti rí igun tí a fọwọ́ gbẹ́ lára iṣẹ́ wa. Bí igun ọ̀hún bá ṣàdédé dára, wọ́n á béèrè ìdí lọ́wọ́ mi."

"O ò sì fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Bí mo bá fi ránṣẹ́, ẹ máa mọ̀ pé mò ń lo tiyín ní ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbọ́."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí, ó ga ju ara rẹ̀ lọ. Ó fà á wọlé, ó fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tí kò yé mi. Lẹ́yìn náà mọ́tò orí pàǹtí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Irin náà wọ inú pákó ní igun ọ̀tún, ó yípo, ó gbẹ́ etí kan, òmíràn, òmíràn. Ó padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa sún mọ́ ọn, títí kan Bàbá Àga pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́. Irin náà rọra wọ inú igun ìkẹyìn, ó sì jáde.

Ìyá Ìbejì fẹ́ eruku kúrò, ó fi ìka kan ibẹ̀. "Ó pé," ó wí.

Inú mi dùn débi pé n kò rántí eékún mi títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti wá sí mi lọ́kàn.

"Àǹtí, ọpẹ́ ni pé ọmọkùnrin yẹn ò fi àtúnṣe ẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó rí i. Bó bá fi ránṣẹ́, gbogbo igun ni ì bá ní etí. Kí ni à bá fi yanjú ẹjọ́ yìí?"

Àǹtí Rọra ti jókòó, ó ń wá bẹ́líìtì rẹ̀ lábẹ́ báàgì.

"Bó bá fi ránṣẹ́, Sájẹ́ǹtì, àwọn méjèèjì ì bá ti mọra tipẹ́. Kò ní sí ẹjọ́ rárá." Ó rí bẹ́líìtì náà, ó dè é. "Ẹ rọra wa ọkọ̀ o."